Ìyànjú Àgbà Fún Ọmọ Tó Fẹ́ Gbé Áńtẹ́nà Sí Bákónì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́bí. Ẹ dojú fóònù yín délẹ̀. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Bó bá sì gun orí òrùlé pẹ̀lú ìdì wáyà lọ́rùn, páànù onílé ló máa tẹ̀ fọ́, kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ibínú onílé lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n dìde sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ó ti dé etígbọ̀ọ́ mi pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ṣúrùlérè, ní Yábà àti ní Mushin ti kó wọ inú rédíò hámù, èyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún ìfẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fún owó. Wọ́n fẹ́ máa jókòó sí yàrá wọn kí wọ́n sì máa bá ará Brazil àti ará Japan sọ̀rọ̀, láìra dátà, láìgba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kankan kọjá. Mo gbọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n fúláàtì ni wọ́n ń gbé. Kò sí àgbàlá, kò sí igi, kò sí òpó. Dípò kí wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ gba ìwọ̀nba àyè tí Elédùmarè yọ̀ǹda, ìlara àwọn tó ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní áńtẹ́nà kékeré kò lè dá nǹkan kan ṣe, àfi kí àwọn ra ẹ̀rọ amúgbóhùn-ròkè tó máa sọ wáàtì 10 di 500. Mo mi orí. Ìwà ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kì í ṣe áńtẹ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Amẹ́ríkà ní 1912. Àwọn ọmọ tó ń fi rédíò ṣeré nígbà náà ti pọ̀ débi pé wọ́n ń dí àwọn ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́. Ìjọba ṣòfin: kí gbogbo wọn kó lọ sí orí ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò ju 200 mítà lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé irú ìgbì kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò dù ni wọ́n fún wọn. Àwọn ọmọ náà kò sunkún. Wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n ń gbìyànjú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1923, Léon Deloy láti ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé bá Fred Schnell tó wà ní Connecticut sọ̀rọ̀ lálọ lábọ̀, lórí ìgbì tó tó nǹkan bíi 100 mítà, òkun Àtìláńtíìkì sì wà láàárín wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń sáré bọ̀ wá du ibi tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín. Ní 1925, àwọn hámù oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀. Ìwọ wá jókòó sí Ṣúrùlérè, o ní àyè kò tó.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń wo ilé kí a tó ra wáyà. Ìṣirò rẹ̀ kò le, kò sì gba ìwé gíga: mú 300, fi iye mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì pín in, iye mítà tí ìgbì náà gùn ni o máa rí. Lórí 14.2 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn hámù ń pè ní ogún mítà, ó jẹ́ nǹkan bíi 21. Áńtẹ́nà alápá méjì tí gbogbo ayé mọ̀ nílò ìdajì rẹ̀. Ẹyẹ kì í sì í fi apá kan fò: mítà 5 níhìn-ín, mítà 5 lọ́hùn-ún, kí ó sì ga kúrò nílẹ̀ tó mítà 10 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè lọ réré. Bó bá jẹ́ ogójì mítà lo fẹ́, sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bákónì rẹ kò ju mítà 2 àti ààbọ̀ lọ, àwọn aṣọ ìyàwó rẹ ló sì wà lórí okùn ibẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ àbí kò rí bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan. Wọ́n ń wo wáyà iná tó gba iwájú ilé kọjá, wọ́n ń rò ó pé òpó tó wà níbẹ̀ ga, ṣé kí àwọn ju okùn sí i. Níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀. Áńtẹ́nà tó bá lè ṣubú kan wáyà iná, kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, ì báà dúró ṣinṣin títí ọjọ́ ayé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ dì í mú lọ́jọ́ tó bá kan wáyà yẹn kò ní rí ọjọ́ kejì. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní tún un sọ.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ ta wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mítà 10 gba ẹ̀yìn ilé lọ, kí ẹ fi tiransifọ́mà 49 sí 1 sí ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Èmi kò bá wọn jà. Ẹni tó bá ní mítà 10, kó ta á. Ẹni tí kò ní ni mò ń bá wí, òrùka bàbà ni mo sì ní kó mú.

Ẹ má rò pé àṣà tuntun ni. Òrùka wáyà tó ní àlàfo kékeré ni Heinrich Hertz dì mú ní Karlsruhe, ní Jámánì, láàárín 1886 sí 1888, tó ń wo iná pípẹ́pẹ̀pẹ́ tó ń fò ní àlàfo náà, tó fi dá a lójú pé ìgbì rédíò wà. Ohun tí ẹ ń pè ní áńtẹ́nà àwọn tálákà, òun ló ṣáájú ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ń kan sáárá sí.

Ra páìpù bàbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó nípọn. Rọra tẹ̀ ẹ́ ká títí yóò fi di òrùka tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Páìpù mítà 3 àti díẹ̀ ló máa gbà. Má jẹ́ kí ẹnu méjèèjì kanra, nítorí àárín wọn ni kàpásítọ̀, èyí tí a ó máa yí láti mú òrùka bá ìgbì mu, máa gbé. Lẹ́yìn náà, ṣe òrùka kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ti ńlá, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20, gbé e sínú ńlá ní òdìkejì ibi tí kàpásítọ̀ wà, kí wáyà tó ń bọ̀ láti ara rédíò sì so mọ́ ọn. Ńlá àti kékeré kò ní fara kanra wọn rárá, síbẹ̀ wọ́n á máa gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀yin tọkọtaya òde òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó.

Irú òrùka yìí lè mú láti ogún mítà títí dé mítà mẹ́wàá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní 14 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, ohun tí òrùka yìí fi ń sọ iná di ìgbì kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù lọ. Bí oríkèé kan ṣoṣo tí o fi ìkánjú ṣe bá ń dí iná lọ́nà, tí ìdíwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù, ìdajì agbára rẹ ti di ooru. O gbé wáàtì 10 síta, bàbà fi 5 yáná. O wá lọ ra ẹ̀rọ olówó gọbọi kí o lè gbé 100 síta, kí bàbà lè fi 50 yáná. Ọmọ tó bá ń da omi sínú agbè tó jò, ṣé omi púpọ̀ ló yẹ ká bá a wá? Jó oríkèé rẹ pọ̀ dáadáa. Má fi nọ́ọ̀tì lásán dè é. Má fi téèpù dè é. Gbogbo ibi tí bàbà bá ti pàdé bàbà, kí o jó o, kí o fi yanrìn pépà họ ọ́ mọ́ kí o tó jó o. Iná rédíò kì í wọnú páìpù. Orí awọ bàbà nìkan ló ń rìn. Ìdí nìyí tí òfìfo inú páìpù kò fi pa á lára. Òfìfo inú, ìta dídán, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn òṣèlú tó ní ìdajì àkọ́kọ́.

Kàpásítọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wáàtì 10 péré lè gbé fóòtì tó ju 1,000 lọ sí ẹnu rẹ̀. Wáàtì 100 á gbé e dé ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Èyí tí ẹ bá yọ nínú rédíò àtijọ́ bàbá yín, àlàfo àárín àwo rẹ̀ tínrín, iná á máa fò láàárín wọn, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ wá èyí tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀, ẹ fi ọ̀pá igi tàbí ike gígùn yí i, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan bàbà náà nígbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀. Kí àwọn ọmọdé wà ní yàrá.

Òrùka yìí kì í sì í gba ojúkòkòrò láyè. Àyè tó máa fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè má ju kìlóhẹ́ẹ̀tì 20 lọ nínú 350 tó wà lórí ogún mítà. Bí o bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn, dìde, lọ yí kàpásítọ̀, padà wá jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní ìyà. Èmi pè é ní ẹ̀kọ́. Ẹni tó jókòó síbi kan fún wákàtí kan á gbọ́ ju ẹni tó ń sáré kiri lọ.

Ariwo ńkọ́? Háà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì rí gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú rí, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ṣájà fóònù tí wọ́n rà lórí afárá, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ wọ́n. Ínfátà òkè ń kùn, ẹ̀rọ sólà ìsàlẹ̀ ń súfèé, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ta pàràpàrà. Hámù nìkan ni mo mọ̀ ní Èkó tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí iná bá lọ. Láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí wọ́n máa fa okùn jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ wà tí òfurufú máa ń mọ́ tónítóní. Ẹni tó ní bátìrì fóòtì 12 tó ti gba iná sára, ìgbà yẹn ni tirẹ̀.

Fún ìyókù ọjọ́, ẹ kọ́ bí a ti ń yí áńtẹ́nà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, torí pé ẹ ò bá wa láyé. Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 ni àwọn bàbá ti ń jáde síta lọ yí òpó ọparun tí áńtẹ́nà wà lórí rẹ̀, tí ìyàwó á wà lójú fèrèsé, tí ọmọ á wà nídìí àpótí: «Ó ti ń mú!» «Ó tún ti lọ!» «Ẹ dá a padà síbi tó wà!» Ẹ̀kọ́ yẹn kò gbọdọ̀ parun. Òrùka bàbà kì í gbọ́ ohun tó bá wá láti iwájú ihò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbọ́ràn. Nítorí náà, kọjú ihò rẹ̀ sí ibi tí ariwo ti ń wá, kí o sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibì kan á wà tí ariwo ínfátà á rì, tí ohùn ọkùnrin kan láti Sípéènì á sì là kedere. Bó bá jẹ́ gílóòbù tìrẹ gan-an ló ń pariwo, ìyẹn kò lóògùn ju kí o yọ ọ́. Má gbé òrùka sún mọ́ irin ojú fèrèsé àti irin bákónì, torí wọ́n á bá ọ jẹ nínú ìwọ̀nba tó o ní.

Ó ku àwọn ènìyàn. Ọjọ́ tí o bá gbé òrùka bàbà ńlá síta ní òru, tí o gbé ohun kan sí etí, tí o sì ń pe lẹ́tà àti nọ́ńbà sínú òkùnkùn, ìyá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àdúgbò á ti pín sí méjì: àwọn tó ní ọmọ yáhùú ni ọ́, àti àwọn tó ní ohun tó o wà nídìí rẹ̀ burú ju yáhùú lọ. Má jẹ́ kó dé bẹ̀. Wọ aṣọ tó mọ́, lọ kí onílé kí o tó kan ìṣó kan.

«Ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ fi ohun kan hàn yín kí n tó gbé e síta.»

«Kí nìyí? Ṣé kì í ṣe nǹkan òkùnkùn?»

«Rárá o, sà. Rédíò ni. Kò ní kan páànù, kò ní kan ògiri. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró.»

«Owó iná wa ò ní lọ sókè?»

«Bátìrì ló ń lò, sà.»

«Ṣé mo lè fi bá ẹ̀gbọ́n mi ní London sọ̀rọ̀?»

«Bí àwọn náà bá ní ìwé àṣẹ àti rédíò tiwọn ni, sà.»

Má parọ́ fún un níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn «bẹ́ẹ̀ ni» ló máa yá a lórí jù. Ọjọ́ tó bá gbé àga wá jókòó tì ọ́ láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí lo fẹ́ sọ?

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tú wáyà kúrò lẹ́yìn rédíò, gbé òrùka wọlé. Má dúró de ìró àrá àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ wa tí òjò ń fi àrá rìn, Ṣàngó kò ní bi ọ́ bóyá o ń bá Japan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bó ti wù kó rí, ariwo mọ̀nàmọ́ná ti bo ìgbì rédíò mọ́lẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí o fẹ́ gbọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn wa, ọ̀rẹ́ ni. Òun ló ń ru ìpele òfurufú òkè réré tó ń dá ìgbì padà sí ayé. Kì í lágbára bákan náà lọ́dọọdún. Ó máa ń rú sókè, ó sì ń rẹlẹ̀ láàárín bí ọdún 11. Ìyípo tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2019 ti rú dé góńgó ní nǹkan bí 2024. Èkó kò sì jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ń lù wá lórí kíkankíkan. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́wàá lè ṣí débi tí wáàtì 5 á gba òkun kọjá. Ọgbọ́n ju agbára lọ. Bí ẹ kò bá gba tèmi gbọ́, ẹ wo FT8, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń bá rédíò ṣe, tí Joe Taylor àti Steve Franke gbé jáde ní 2017. Ọkùnrin Taylor yìí ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1993. Ó lè jókòó kó máa gbádùn orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá ni bí ẹni tí áńtẹ́nà rẹ̀ kéré ṣe máa dé òkè òkun. Kọ̀ǹpútà á rán ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15, á gbọ́ ní 15, á sì yọ ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ ariwo tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní gbé e mì. Nígbà ìdíje, gbogbo hámù ayé ló ń fún ara wọn ní 59: 5 ni pé ọ̀rọ̀ rẹ yé mi kedere, 9 ni pé ohùn rẹ rinlẹ̀. Ẹnìkan á ní kí o tún orúkọ rẹ pè. Wàá pè é. Á ní òun kò gbọ́. Wàá tún pè é. Á ní ṣé «N» ni àbí «M». Lẹ́yìn gbogbo èyí, á ní, «O ṣeun, 59!» Mo ń béèrè lọ́wọ́ ayé: taani ó ń tàn? Ẹni tó fi òrùka mítà 1 sọ̀rọ̀ láti bákónì Mushin, bí wọ́n bá fún un ní 33, kó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. 33 tòótọ́ sàn ju 59 ọlọ́yàyà lọ. Kí òun náà má sì fún ẹnikẹ́ni ní 59 tí kò tọ́ sí i.

Lórí gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn síta láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà ni 5N. ZD2 ni kí a tó gba òmìnira. TY ni ti Benin, 5V ni ti Tógò. Orúkọ ìlú ni ẹ gbé síwájú orúkọ tiyín, ẹ má bà á jẹ́. Gbígbọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀: òrùka kan náà, rédíò tó ń gba ìgbì kúkúrú, àti sùúrù. Ẹ gbọ́ fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé àṣẹ bá sì jáde, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ han onílé.